Ọsàn Tí Mo Fi Bo Ìkìlọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Bí ẹ bá rí pósítà tí wọ́n ya ọsàn sí, tí èéfín funfun ń rú jáde lórí ọsàn náà, ẹ má wo ọsàn. Ẹ má wo ọmọge tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí èèrà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bí nǹkan kan bá bo ibẹ̀, ẹ gbé e kúrò.

Èmi ò gbé e kúrò. Èmi gan-an ni mo gbé nǹkan bò ó.

Beatrice lorúkọ mi, Ìyá Ìyìn ni wọ́n ń pè mí. Ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni mò ń tà lẹ́bàá títì ní Fìdítì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì kà á dáadáa. Bí mo bá ṣi ibì kan sọ, ẹ bá mi tún un ṣe. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Títí di òní, bí fóònù mi bá dún nígbà òjò, àyà mi á já.

Ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ wá. Olúbọ̀dé lorúkọ rẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Ó mọ́ tónítóní, ó sì mọ èèyàn-án kí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú eruku.

"Mọ́mì, ẹ kú ọjà o. Ọsàn tí èèpo rẹ̀ nípọn ni mo fẹ́. Àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ńláńlá."

"Èèpo tó nípọn kẹ̀? Ọsàn tó lómi làwọn èèyàn ń wá, ìwọ ń wá èèpo."

"Omi ẹ̀ kọ́ là ń lò, Mọ́mì. A máa gbẹ́ inú ẹ̀ jáde ni, a ó wá kó nǹkan tiwa sí i."

"Kí lẹ ń kó sí i?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Adùn ni, Mọ́mì."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo ṣa ọsàn fún un. Látọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wá. Ó ní òun ṣí ibi ìgbafẹ́ kan sí Ìlọrà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fa ṣíṣà. Èmi ò mọ ṣíṣà. Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ìgò gíga kan ni. Omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọsàn tí wọ́n gbẹ́ wà lókè, iná èédú wà lórí ọsàn náà. Rọ́bà gígùn kan ni wọ́n fi ń fa èéfín rẹ̀ sẹ́nu.

Mo ní, "Èéfín kí ni?"

"Èéfín èso ni, Mọ́mì. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú ń ta èso ọ̀hún fún mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú kí n gbà á gbọ́. Nílé wa, a kì í da èèpo ọsàn nù. A máa ń sá a sórí páànù. Bó bá gbẹ, a ó sun ún nírọ̀lẹ́ kí ẹ̀fọn lè sá. Ilé tí wọ́n bí mi sí, òórùn yẹn ló wà níbẹ̀. Òun náà ni mo fi tọ́ Ìyìn. Ta ni ì bá wá sọ fún mi pé nǹkan burúkú lè wà nínú èéfín ọsàn? N kò tún béèrè ohun tó ń kó sínú ọsàn náà mọ́. Adùn tó sọ yẹn ti tó mi.

Lọ́jọ́ kan, ó mú pósítà wá. Ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Ó gbé e ka orí tábìlì mi, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti òpó àtíbàbà, kí àwọn tó ń kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn lè máa rí i. Ó rẹwà. Ọsàn ibẹ̀ pọ́n ju ọsàn tèmi lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyìn dé láti Ìlọrà. Ìyìn nìkan lọmọ tí mo bí tó yè. Ọmọ ogún ọdún ni. Ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìlọrà, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi wa. Òun ló máa ń gbé orin tó bá lọ sókè. Òun àti Ìtùnúolúwa, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, ni wọ́n jọ dé. Dámiláre, ọ̀rẹ́ wọn, ló fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé wọn.

Mo ní, "Ìyìn, wá bá mi ka lẹ́tà kékeré yìí. Ojú mi ò gbé e. Òyìnbó ni."

Ìyìn bẹ̀rẹ̀. "Ó ní tábà léwu fún ìlera. Ó ní ó lè pa èèyàn."

"Tábà wo? Ṣebí ọsàn ni wọ́n yà síbẹ̀."

Ìtùnú ní, "Wọ́n kàn kọ ọ́ ni, Mọ́mì. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Ta ló ń kà á?"

Dámiláre ní, "Àwọn onísìgá ni wọ́n ń bá wí. Ẹ ò rí omi nínú ìgò ni? Omi ti fọ ìdọ̀tí ẹ̀ kúrò."

Ìyìn ní, "Fọ kí ni? Dámiláre, omi ọ̀hún wá di ìyá alágbàfọ̀?"

"Lọ síbẹ̀ jàre. Kí ni kì í pa èèyàn láyé yìí? Ọ̀kadà tí mo fi gbé ọ wá, wọn ò kọ nǹkan kan sí i lára, ó sì ń pa èèyàn lójoojúmọ́."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìyìn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún kà á.

"Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́, Mọ́mì. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, wọn ò ní kọ ọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọmọ yìí sọ́kàn. Ìkìlọ̀ náà ti ń wọ̀ ọ́ létí. Òun nìkan ló wọ̀ létí nínú wa. Èmi tí mo bí i ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Mo ní, "Èéfín èèpo ọsàn la fi tọ́ ọ dàgbà. Ṣé o kú?"

Oníbàárà kan dé, mo fẹ́ to ọsàn. Ibi tó ṣófo lórí tábìlì kò ju iwájú pósítà yẹn lọ. Mo to ọsàn síbẹ̀, ó ga dé ibi tí lẹ́tà kékeré náà wà, ó bò ó. N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àbí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é? Mo ti bi ara mi títí, n kò mọ̀.

Kò pẹ́ tí Ìyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn lọ sí ibi ìgbafẹ́ Olúbọ̀dé. Ó sọ fún mi, kò fi pa mọ́. Èmi náà ò ní kó má lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, ọjọ́ ìbí Ìtùnú. Òjò ti ń rọ̀ láti nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán. Mo ká ọsàn mi wọlé, mo jókòó. Fóònù dún. Dámiláre ni.

"Mọ́mì Ìyìn, ẹ máa bọ̀ ní Ìlọrà, nílé ìwòsàn. Ẹ má sáré o. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ta ni wọ́n á sọ fún pé kó má sáré, tí kò ní sáré?

Bí mo ṣe débẹ̀, Ìyìn ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ là díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí mi. Ó ti bì sára aṣọ rẹ̀. Ìtùnú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di orí mú. Dámiláre dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi òjò ń kán lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Josephine, obìnrin tó ń tọ́jú wọn, ń béèrè ọ̀rọ̀.

"Kí ló jẹ? Kí ló mu?"

Ìtùnú ò gbójú sókè. Ẹ̀rù ọ̀gá tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ ń bà á. "Ráìsì la jẹ, mà."

"Ẹ ò mutí?"

"Rárá, mà."

Mo bọ́ síwájú. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi kì í mutí, kì í mu sìgá. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àfi èso lásán. Ọsàn tèmi ni, ọsàn tó dáa."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ń rò pé oúnjẹ ló bá a jà. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wò ó bóyá ibà ni. Ó fa omi sí i lára. Àkókò ń lọ. Èémí ọmọ mi ń ṣe bí ẹni tó ń gun òkè. Mo ń ka Sáàmù, mo ń ṣì í kà.

Dámiláre ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Ṣíṣà ni, Nọ́ọ̀sì."

"Kí lo wí?"

"Ṣíṣà la ń fà. Òjò ń fẹ́ wọlé, wọ́n bá ti gbogbo fèrèsé. Ìgò mẹ́rin ló wà nínú yàrá náà, iná èédú wà lórí gbogbo ẹ̀. Orí ń fọ́ gbogbo wa, a rò pé ariwo orin ni. Mo jáde lọ bo ọ̀kadà mi. Nígbà tí mo padà wọlé, Ìyìn ti ṣubú."

Nọ́ọ̀sì ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ sì ń wò mí látìgbà yìí? Gáàsì èédú ló fà sínú! Atẹ́gùn ló ń fẹ́, kì í ṣe oògùn ibà. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé yìí! Ta ló ní mọ́tò níta? Ọ̀yọ́ là ń lọ, ibi tí wọ́n ti ní ọ́síjìn."

Ó wá yíjú sí mi. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

"Màmá, wọn ò fa ọsàn kankan. Tábà ni wọ́n ń kó sínú ọsàn yín. Wọ́n ń fi oyin àti nǹkan olóòórùn dídùn pò ó. Àwo lásán ni ọsàn yín."

N kò rántí ọ̀nà dáadáa. Mo mọ̀ pé a ṣí gbogbo fèrèsé mọ́tò náà sílẹ̀, tí òjò sì ń nà wá. Orí Ìyìn wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ń pè é. Mo pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Nígbà tí wọ́n fi ọ́síjìn bò ó nímú ní Ọ̀yọ́, dókítà ní kí n jáde. Ó ní ká ní a tún pẹ́ díẹ̀ sí i, òun ò mọ ohun tí òun ì bá sọ fún mi. Bàbá Ìyìn sáré dé láti oko ní Imini, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Kí ló ṣe ọmọ mi?"

Lọ́jọ́ kejì, ó lajú. Ó ní, "Mọ́mì, òjò ti dá?"

Mo dúpẹ́. Ìyìn yè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù, nítorí àwọn èèyàn á ní ó ṣáà yè.

Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún mi pé ó wọn àyà oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan, kò rántí iye tó bá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Dókítà ní gáàsì yẹn lè ṣe ọpọlọ bẹ́ẹ̀, pé ó lè lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè pẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í lè kọ ẹsẹ̀ orin kan tán kó tó dúró mí. Ó ti kúrò ní ìlà iwájú, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ara rẹ̀ ṣì ń fẹ́ ṣíṣà náà. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti ń tó, inú á máa bí òun, ọwọ́ òun á máa gbọ̀n.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé ìṣẹ̀lẹ̀ náà, Olúbọ̀dé dé. Ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀.

"Mọ́mì, mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ṣáà wà lára pósítà. Wọ́n kà á kí wọ́n tó wá."

Mo wo tábìlì mi. Iwájú pósítà náà ni mo tún to ọsàn sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo kó o kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí lẹ́tà kékeré náà fi yọ. N kò ta ọsàn fún un mọ́.

Nọ́ọ̀sì Josephine ló ní kí n má ya pósítà náà. Ó ní òun fẹ́ lò ó. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sábẹ́ àtíbàbà mi, wọ́n tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyìn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì gbé pósítà sókè.

"Ta ló ti rí èyí rí?"

Gbogbo wọn nawọ́.

"Ta ló ka ìsàlẹ̀ rẹ̀?"

Ọwọ́ mẹ́ta.

"Ta ló tìtorí rẹ̀ sọ pé òun ò lọ mọ́?"

Kò sẹ́ni tó nawọ́.

Dámiláre ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. 'Tábà léwu fún ìlera.' Ó dà bí 'Ẹ má tọ̀ síbí' tí wọ́n kọ sára ògiri. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń tọ̀ sí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dámiláre wo Ìyìn, kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìtùnú ní, "Tèmi ni pé kò dárúkọ ṣíṣà. Kò sọ nǹkan kan nípa omi. Kò sọ nǹkan kan nípa ọsàn. Tábà ló sọ, èmi ò sì mọ̀ pé tábà ni mò ń fà."

Nọ́ọ̀sì ní, "Òótọ́ lo sọ. Irọ́ tí wọ́n pa fún yín, òun ló yẹ kí ìkìlọ̀ dáhùn. Òfin ilẹ̀ wa ò tiẹ̀ fàyè gba kí wọ́n máa polówó tábà báyìí. Ẹ wo èyí."

Ó gbé ìwé mìíràn sókè, Yorùbá ni, lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Èmi náà rí i kà láti ibi tí mo wà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi inú ìgò kì í fọ májèlé kúrò nínú èéfín ṣíṣà. Pé ẹni tó bá jókòó tì í fún wákàtí kan lè fa èéfín tó tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti igi sìgá kan. Pé èso inú rẹ̀ kò sọ tábà di èso.

Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń lọ lójú títì.

Ọmọkùnrin kan ní, "Ìlọ́po ọgọ́rùn-ún? Nọ́ọ̀sì, ẹ tún un kà."

Ó tún un kà. Òmíràn ní, "Ẹ kàn fẹ́ dẹ́rù bà wá ni."

Nọ́ọ̀sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ̀rù bá bá òótọ́ mu, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan ò tó, mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa ṣe."

Ohun tó sọ fún wọn ni mò ń sọ fún yín yìí, bí mo ṣe rántí rẹ̀. Tábà ni ṣíṣà, ohun yòówù kí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ń fa àrùn ọkàn, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó ń fa jẹjẹrẹ, ó sì ń di bárakú. Rọ́bà tó ti ẹnu ẹnì kan bọ́ sí ẹnu ẹlòmíràn lè gbé ikọ́ ife kiri. Gáàsì èédú kò ní òórùn, ẹ kò ní mọ̀ pé ó wà nínú yàrá. Bí orí bá ń fọ́ yín níbi tí iná èédú wà, ẹ má jókòó, ẹ jáde. Bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹ gbé e sí gbangba, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Ẹ sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ọ̀gá kọ́ lẹ ń bá sọ̀rọ̀, pásítọ̀ kọ́, ẹni tó fẹ́ gbà yín là ni. Bí ẹ bá ti ń fà á, tí ẹ ò lè fi sílẹ̀, ẹ lọ bá àwọn elétò ìlera, ìtìjú kò sí níbẹ̀. Ìyìn ń lọ báyìí, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ̀yin òbí, èyí tèmi ni, kì í ṣe ti Nọ́ọ̀sì. Bí ọmọ yín bá ka ìkìlọ̀ kan fún yín, tó sì bẹ̀rù, ẹ má fi ẹ̀rín pa ẹ̀rù náà. Ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀. Ẹ lọ béèrè.

Nígbà tí ìpàdé náà ń parí lọ, Nọ́ọ̀sì yíjú sí Ìyìn.

"Ìyìn, ìwọ wà lára àwọn tó nawọ́ pé àwọn kà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á."

"Ṣé ẹ̀rù bà ọ́?"

"Ó bà mí, mà."

"Kí ló wá dé tí o fi lọ? Sọ fún wọn. Ó lè ran ẹnì kan lọ́wọ́."

Gbogbo wọn kọjú sí i. Orí mi wà nílẹ̀. Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ èéfín èèpo ọsàn tí mo fi pa á lẹ́nu mọ́, mo ti mọ bó ṣe máa dún. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ó gbé e, ó fi lé ọwọ́ tèmi.

"Ìyìn?"

"Mo kà á, mà. Mo sì lọ."

"Ẹnì kan ló sọ nǹkan fún ọ ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́."